Owó lẹ́sìnnì tí mo san lórí limit, àti bí mo ṣe padà kọ́ ọ fúnra mi

Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ni mo máa kọ́kọ́ sọ, nítorí ó ṣì ń dùn mí. Mò ń ka Accounting ní part-time, kaṣíà ni mo jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta símẹ́ńtì n'Íbàdàn. Nígbà tí Business Mathematics wa dé orí functions, limits àti continuity, èmi àti àwọn mélòó kan ní kíláàsì pawọ́ pọ̀ wá ẹni tí yóò kọ́ wa ní lẹ́sìnnì. Ó dá iye kan lé wa, a san án. Ìgbà tí a san án tán ló sọ pé handout ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. A tún san ìyẹn. Kò pẹ́ ló tún mú ìwé ìbéèrè tó ní ìdáhùn lẹ́yìn wá, òun náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àpapọ̀ ohun tí mo san ju owó tí mo fi ra gbogbo ìwé sáà náà lọ. Limit tí mo tìtorí rẹ̀ náwó, ìyẹn iye tí ìdáhùn ń súnmọ́ bí x ṣe ń súnmọ́ nọ́ńbà kan, kò lò tó ìdajì kíláàsì kan lórí rẹ̀. Ohun tó ń sọ ṣáá ni pé, "Ẹ fi nọ́ńbà yẹn rọ́pò x, ó parí."

Kò parí o.

Mi ò ní pẹ́ lórí function. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tajà rí ti mọ̀ ọ́n kó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀: oníbàárà á sọ iye àpò, iye owó kan ṣoṣo ni yóò sì jáde. Èrè ni ohun tó kù tí ẹ bá yọ ìnáwó kúrò nínú owó ọjà, ibi tí méjèèjì bá sì ti dọ́gba ni ẹ ò ti jèrè, tí ẹ ò ti pàdánù. Àwọn limit tó bá gbé òdo lórí òdo wá náà, ìyẹn ìdá tí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ di òdo, kò le: ẹ tú òkè sí fákítọ̀, ẹ pa èyí tó bá ti ìsàlẹ̀ mu, ẹ wá fi nọ́ńbà sí i.

Ìbéèrè kẹtàlá nínú ìwé ìbéèrè náà ló dá mi dúró. Ó ní oníṣòwò kan ń ta símẹ́ńtì ní ₦10,000 fún ẹni tó bá ra àpò 100 tàbí kó dín. Ẹni tó bá rà ju 100 lọ, ₦9,500 ni yóò san lórí gbogbo àpò tó rà. Ṣé function owó yìí continuous ní 100, ìyẹn ni pé ṣé kò já níbẹ̀? Ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé ni pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí f(100), ìyẹn owó àpò 100, wà, ₦1,000,000 sì ni.

Ara mi kò gbà á rárá, nítorí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni mò ń kọ rìsíìtì fún lójoojúmọ́. Ẹni tó ra 100 á san mílíọ̀nù kan. Ẹni tó ra 101 á san ₦959,500. Ẹni tó gbé ẹrù tó pọ̀ jù ló san owó tó kéré jù! Kódà àpò 105, ₦997,500 ni. Ó di àpò kẹrìndínláàádọ́fà kí owó tó padà kọjá mílíọ̀nù. Àwọn agbaṣẹ́ṣe tó gbọ́n mọ èyí dáadáa. Bí wọ́n bá nílò àpò 96, tó jẹ́ ₦960,000, wọ́n á ní kí a kúkú kó 101 sọ́kọ̀ fún wọn. Báwo ni ohun tó ń já wálẹ̀ báyìí ṣe máa jẹ́ continuous?

Mo kọ̀wé sí olùkọ́ lẹ́sìnnì náà lórí WhatsApp. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, kí n há ohun tó wà níbẹ̀ sórí. Mo bi àwọn ẹgbẹ́ mi léèrè, wọ́n ti há a sórí ní tiwọn. Mi ò lè tẹ̀ síwájú. Bí ìdáhùn yẹn bá tọ̀nà, á jẹ́ pé gbogbo èyí tí mo ti ṣe ṣáájú rẹ̀ kò tọ̀nà. Bí kò bá sì tọ̀nà, ta ló mọ iye òmíràn tó wà nínú ìwé tí mo fowó gidi rà? Ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mo fi jókòó tì í lẹ́yìn tí mo bá ti pa àkáǹtì ọjọ́ dé.

Ohun tó tú u fún mi ni pé mo gbàgbé fọ́múlà, mo wá rìn lọ bá 100 láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. A kì í ta ìdá àpò, ṣùgbọ́n limit ń fẹ́ ká súnmọ́ ọn gan-an. Láti ọwọ́ òsì: 99 mú ₦990,000 wá, 99.9 mú ₦999,000 wá, 99.99 mú ₦999,900 wá. Mílíọ̀nù kan ló ń lọ. Láti ọwọ́ ọ̀tún: 101 mú ₦959,500 wá, 100.1 mú ₦950,950 wá, 100.01 mú ₦950,095 wá. ₦950,000 nìyẹn ń lọ. Wọn kò pàdé. Ìyẹn ni pé kò sí limit ní 100 rárá, ká má tíì sọ pé ó continuous. Nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé: kí function ní iye níbẹ̀, kí òsì àti ọ̀tún pàdé, kí ibi tí wọ́n ti pàdé sì jẹ́ iye yẹn gan-an. Ẹni tó kọ ìdáhùn náà wo àkọ́kọ́, ó fi méjì sílẹ̀. Mo mú tábìlì òsì àti ọ̀tún yìí lọ bá olùkọ́ wa ní iléèwé, ó wò ó tán, ó ní ohun tí mo ṣe tọ̀nà. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ.

Àtìgbà náà ni mo ti pa ìwé ìbéèrè yẹn tì, tí mo ń fi owó tí mo mọ̀ ṣe ìdánrawò. Ẹ wo owó tí báǹkì ń yọ tí ẹ bá fowó ránṣẹ́: ₦10 títí dé ₦5,000, ₦25 tó bá lé ní ₦5,000 títí dé ₦50,000, ₦50 tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí VAT tó gun orí rẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí alert fi ń gbé 10.75, 26.88 àti 53.75 wá. Ẹ tún wá fi ₦50 ìjọba, tó ń bẹ láti ₦10,000 lọ sókè, kún un. Ó já ní 5,000, ó já ní 10,000, ó já ní 50,000. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ní 5,000, iye rẹ̀ bá òsì lọ; ní 10,000, ọ̀tún ló bá lọ, nítorí 10,000 gan-an wà lára àwọn tó ń san án. Ọ̀rọ̀ kékeré bíi "títí dé" àti "láti" ló ń pinnu ìyẹn, òun náà ló sì ń gba máàkì lọ́wọ́ èèyàn nínú ìdánwò.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti owó orí. Òfin owó orí tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026, kò gba nǹkan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún. 15% ni lórí 2,200,000 tó tẹ̀ lé e, 18% lórí 9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. Wọ́n fẹ́ fi owó kún owó ẹ̀gbọ́n mi kan. Lẹ́yìn pẹ́ńṣọ̀n àti àwọn ìyọkúrò yòókù, owó tí owó orí kàn yóò kúrò ní ₦2,950,000, yóò di ₦3,100,000. Ẹnìkan ti sọ fún un níbi iṣẹ́ pé tó bá ti kọjá mílíọ̀nù mẹ́ta, 18% ni wọ́n máa gbà lórí gbogbo rẹ̀, ìyẹn ₦558,000. Ẹ̀gbọ́n ti ń rò ó bóyá kóun má gba àfikún náà.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó ná." Láti òsì, owó orí ń lọ sí ₦330,000 ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Láti ọ̀tún, láti ₦330,000 yẹn náà ni 18% ti bẹ̀rẹ̀, lórí ohun tó lé nìkan. Wọ́n pàdé. Kò sí ibi tó ti já. ₦348,000 ni yóò san dípò ₦322,500 tó ń san tẹ́lẹ̀, ₦124,500 nínú àfikún ₦150,000 náà á sì wà lápò rẹ̀. Ó gba àfikún náà. Bí ṣọ́ọ̀bù símẹ́ńtì inú ìbéèrè yẹn bá ti ṣe bíi ti òfin yìí, kó fi ₦9,500 sórí àpò tó lé ní 100 nìkan, òun náà ì bá continuous.

Limit tó ń lọ sí àìlópin, níbi tí iye ìgbà tí a ń ṣírò ti ń pọ̀ sí i láìdúró, rọrùn lẹ́yìn èyí. ₦100,000 ní èlé 24% lọ́dún di ₦124,000 tí wọ́n bá ṣírò èlé lẹ́ẹ̀kan, tó bá jẹ́ oṣooṣù, ₦126,824, ojoojúmọ́, ₦127,115. Ẹ ṣírò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú pàápàá, kò ní kọjá nǹkan bíi ₦127,125. Irú ìbéèrè èlé yìí ni Jacob Bernoulli, ará Switzerland, ń yẹ̀ wò ní 1683 tó fi kan nọ́ńbà tí a ń pè ní e lónìí, nǹkan bíi 2.71828.

Tí mo bá tún un bẹ̀rẹ̀, mi ò ní san kọ́bọ̀ lórí ìwé ìdáhùn kí n tó yẹ ọ̀kan wò nínú rẹ̀. Tábìlì òsì àti ọ̀tún ni màá kọ́kọ́ ṣe ní gbogbo oríkèé, ìyẹn ibi tí òfin owó náà ti yí padà, kí n tó fọwọ́ kan fọ́múlà. Ẹ lè dán an wò lórí òfin owó orí yẹn ní ₦12,000,000, níbi tí 18% ti parí tí 21% ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá rí ₦1,950,000 láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìṣírò yín tọ̀nà.