Bí mo ṣe wá ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ òkè Àríwá yí padà

Ìparí oṣù kejì ọdún 2018, òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá ní London. Àwọn oníròyìn ní afẹ́fẹ́ kan ló yí padà lókè réré ní Àríwá. Mo ní màá fojú ara mi rí i, àmọ́ ó tó ọdún mélòó kan kí n tó jókòó tì í.

ERA5 ni mo lò, àkójọ ojú ọjọ́ tí Copernicus, ètò àwọn ará Yúróòpù tó ń ṣọ́ ayé, ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn nìkan ni mo dáńlóòdù, èyí tí wọ́n ń pè ní u, níbi tí ìfúnpá afẹ́fẹ́ ti jẹ́ 10 hPa (hPa ni wọ́n fi ń wọn ìfúnpá). Létí òkun, nǹkan bí 1,013 ni; ibi tí mò ń wí yìí ga tó nǹkan bí 30 kìlómítà, bàálù èrò kì í débẹ̀.

Mo ní kí Python, èdè tí mo fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, gé dígírì 59 sí 61 ní Àríwá ayé fún mi. Òfo ló gbé wá. Mo tún gbogbo ẹ̀ dáńlóòdù, òfo náà ni. Ìyá Ayọ̀ ní kí n pa kọ̀ǹpútà kí n wá sùn, mi ò gbọ́. Àṣé láti 90 ni ERA5 ti ń ka dígírì bọ̀ nísàlẹ̀! 61 ló yẹ kí n kọ ṣáájú 59.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó rọrùn. Ojú ibi 1,440 ló wà lórí ìlà 60 yí ayé ká. Mo ro wọ́n pọ̀, mo pín in, nọ́ńbà kan fún ọjọ́ kan. Bó bá ju òdo lọ, ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, bó ṣe yẹ kó rí nígbà òtútù nìyẹn, tí òkùnkùn bá bo orí ayé lọ́hùn-ún. Àmọ́ ìgbì ńláńlá, tí àwọn òkè àti ìyàtọ̀ ilẹ̀ sí òkun ń dá sílẹ̀, máa ń gòkè láti ìsàlẹ̀ lọ dí i lọ́wọ́ eré. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, yóò dúró, yóò sì gba ẹ̀yìn yí.

Mo fi àwọn nọ́ńbà náà ya ìlà kan, ó sì já wálẹ̀ kọjá òdo ní ọjọ́ 12 oṣù kejì. Mo ṣí fọ́tò inú fóònù mi: ọkọ̀ wa tí yìnyín bò mọ́lẹ̀, ọjọ́ 28. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún gbáko!

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ti Gúúsù báyìí, oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ìgbà tí ihò ózóònù, ibi tí gáàsì tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn ti fẹ́lẹ́, pín sí méjì lórí Antarctica. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ -59 ṣáájú -61.