Bí Mo Ṣe Ṣírò Iye Tí Ojú Ìwé Kan Ń Ná Wa Nílé

Nígbà tí mo tún gbé kátíríìjì tuntun (ike tí íǹkì wà nínú rẹ̀) wọlé fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníǹkì tí a ń lò nílé wa ní Ìbàdàn, ìyàwó mi bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè dáhùn: èló ni ojú ìwé kan ń ná wa? Olùkọ́ ni, ìbéèrè ìdánwò àti iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí a ń tẹ̀. Mo so ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, a sì fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni tó bá tẹ nǹkan yóò kọ ọjọ́ àti iye ojú ìwé sílẹ̀, ì báà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ kò gbàgbé rí. Èmi ni mo gbàgbé lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé kátíríìjì dúdú náà yóò tẹ ojú ìwé 120. Mo rà á ní ₦19,000, nítorí náà ó yẹ kí ojú ìwé kan jẹ́ nǹkan bí ₦158. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ 12 pé, ojú ìwé 214 péré ló wà nínú àkọsílẹ̀ wa, kátíríìjì mẹ́ta sì ti tán. Bí a bá pín ₦57,000 sí 214, ₦266 ni, kí a tó ka owó bébà mọ́ ọn. ₦100 ni wọ́n ń gbà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà àdúgbò wa, bébà tiwọn sì wà nínú rẹ̀.

Mo wádìí ibi tí íǹkì yòókù gbà lọ. Iye tó wà lára páálí jẹ́ ti ìdánwò tí wọ́n ṣe ní ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO/IEC 24711, níbi tí ẹ̀rọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tẹ̀wé láìsinmi. Nílé tiwa, ó lè dákẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún, àwọn ihò tíntìntín tí íǹkì ń gbà jáde yóò sì ti dí, pàápàá nígbà ọyẹ́. A óò wá ní kí ó fọ ara rẹ̀. Íǹkì ló sì fi ń fọ ara rẹ̀, inú fóòmù kan tí ojú kò tó lábẹ́ ẹ̀rọ ló ń dà á sí. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni a ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 12 náà, láìka ìfọ̀ tí ó ń ṣe fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ tí a sì tún un tàn.

Nítorí náà, mo ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé léésà tòkunbọ̀ kan ní ₦70,000. Kí n tó sanwó, mo ní kí ẹni tó ń tà á tẹ ojú ìwé ètò ẹ̀rọ náà fún mi, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń rí iye tí ó ti tẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. 31,000 ni mo bá níbẹ̀. (Ẹ má ṣe gba “kò tíì ṣiṣẹ́ púpọ̀” lẹ́nu ẹnikẹ́ni láìrí ojú ìwé yẹn.) Ìyẹ̀fun ni tónà tí léésà fi ń tẹ̀wé dípò íǹkì, kì í ṣe omi, nítorí náà kì í gbẹ bí a bá tilẹ̀ pa ẹ̀rọ tì fún oṣù kan. Tónà ojúlówó jẹ́ ₦78,000 fún ojú ìwé 1,600, ìyẹn ₦49 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ni mo rà ní ₦16,000. Ojú ìwé 1,180 ló fún wa láàárín oṣù mẹ́rìndínlógún, ó sì ń fi àmì bí eérú sẹ́yìn bébà nígbà tó kù díẹ̀ kó tán. Síbẹ̀, ₦14 ló jẹ́. Rímù bébà kan tó ní ewé 500 jẹ́ ₦7,000, ìyẹn ₦14 mìíràn. ₦28 rèé, ₦280 sì ni ti oníǹkì bí a bá ka bébà mọ́ ọn. N kò retí ìlọ́po mẹ́wàá. Lẹ́yìn nǹkan bí ojú ìwé 278, owó tí a fi ra léésà ti padà. Ká ní ojoojúmọ́ ni a ń tẹ̀wé ni, owó íǹkì ti oníǹkì ìbá sún mọ́ ₦158 lórí ojú ìwé kan, ṣùgbọ́n kò ní bá léésà dọ́gba. Ẹni tó sì ń tẹ ojú ìwé márùn-ún lóṣù kò nílò èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ̀rọ léésà tí dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ (ohun rìbìtì tó ń gbé ìyẹ̀fun sórí bébà) kò sí lára kátíríìjì tónà wà, tí a ó máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ pín owó ìyẹn náà sórí ojú ìwé. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀.

Iná ni mo bẹ̀rù jù, nítorí ooru ni léésà fi ń yọ́ ìyẹ̀fun mọ́ bébà. Mítà kékeré tí mo kì bọ ojú iná fi wáàtì 400 hàn nígbà tó ń tẹ̀wé, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́fà ni ojú ìwé 100 gbà, èyí tí kò tó ìdá kan nínú ogún yúnìtì. Owó kọ́ ni wàhálà ibẹ̀, inverter wa ni, tí agbára rẹ̀ kò ju 1 kVA lọ: nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ náà fẹ́ gbóná, inverter ké, gbogbo ilé sì ṣókùnkùn. Láti ìgbà náà, ìgbà tí iná NẸ́PÀ bá wà nìkan ni a ń tẹ̀wé, ìyàwó mi sì ti kọ́ láti tẹ ìbéèrè ìdánwò ní ọjọ́ méjì ṣáájú.

Léésà wa kò ní àwọ̀. Bí àwọn ọmọ bá nílò àwòrán aláwọ̀ fún ilé-ìwé, bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni a ń gbé e lọ, kì í sì í ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ ní sáà kan. Oníǹkì ṣì wà lórí tábìlì. A ṣì lè fi ya àwòrán ìwé sínú kọ̀ǹpútà bí kò tilẹ̀ sí íǹkì nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí a sì fi sílẹ̀ fún un nìyẹn.