Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ Láti Jẹ Oúnjẹ Tó Dáa Nílé

Tí àsìkò kajú bá dé ní Kàbà, láti bí oṣù kejì títí wọ oṣù kẹrin, hóró nìkan ni àwọn oníṣòwò ń wá. Èso rẹ̀ a máa jẹrà lábẹ́ igi, eṣinṣin a bò ó. Mo ti rí ọmọ tó dúró sábẹ́ irú igi bẹ́ẹ̀, tó ń fa júùsì onípáálí mu. Bẹ́ẹ̀ fítámì C tó wà nínú èso tó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn ju ti ọsàn lọ. Oúnjẹ tó dáa wà nílẹ̀. Bí yóò ṣe dé ẹnu ọmọ ni iṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ fi àkókò sí oúnjẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, kí ìpanu ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì wà láàárín: mángòrò, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbàdo sísè, wàrà. Tí kì í bá ṣe àkókò oúnjẹ, omi ni kó mu. Ọmọ tó ti ń jẹ bisikíìtì láti aago mẹ́rin, báwo ni ebi ṣe fẹ́ pa á ní aago méje? Ìyá rẹ̀ á ní ọmọ òun kì í jẹun. Ó ti jẹun tipẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì ló le jù. Ẹ̀yin lẹ ó sọ ohun tí a ó sè àti ìgbà tí a ó jẹ ẹ́. Ọmọ ni yóò sọ ìwọ̀n tó tó òun. Ọmọ mi ọkùnrin kì í fẹ́ rí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sójú. Lọ́jọ́ kan mo di orí rẹ̀ mú, mo ki ẹ̀fọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó sì bì í tiyántiyán sórí ẹní. Oṣù méjì gbáko ló fi ń sá fún ohunkóhun tó bá jọ ewé. Ìgbà tí mo wá yíwọ́ padà, mo ń fi ẹ̀fọ́ tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyán rẹ̀, mi ò sì sọ nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ ń fi ìka tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Nígbà tó yá, ó fi kan ahọ́n, ó tu ú. Bí ìgbà kẹsàn-án, mo wo abọ́, ẹ̀fọ́ ti lọ.

Oúnjẹ tuntun lè dé iwájú ọmọ nígbà 8 sí 15 kó tó gbà á. Ọ̀pọ̀ wa ń jáwọ́ nígbà kẹta. Ẹ má sì fi súìtì bẹ̀ ẹ́. "Jẹ ẹ̀fọ́ kí n fún ẹ ní súìtì" ti sọ fún un pé ẹ̀fọ́ ni ìyà, súìtì ni owó iṣẹ́.

Ẹ mú un wọ ilé ìdáná. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè já ewé, ó lè bá yín bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín nínú omi. Á da omi sílẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kó dà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo inú ọbẹ̀. Mi ò ní kí a má jẹ iyán; ta ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Kàbà? Àmọ́ nílé wa níbí, ẹran a máa wà nínú abọ́ bàbá, omi ọbẹ̀ a wà nínú ti ọmọ. Àwọn àgbà tún ní ẹyin ń sọ ọmọdé di olè. Olè ni wọ́n rí, wọn ò rí ebi. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà àti wàrà ni ara ọmọ fi ń dàgbà.

Tí ọmọ bá pé oṣù 6, ògì nìkan kò tó o. Ẹ po ẹ̀pà lílọ̀ tàbí sóyà sísun tí ẹ lọ̀ mọ́ ọn, ẹ fi edé gbígbẹ tó kúnná sí i, kí ọmú sì máa bá a lọ dé ọdún 2, ó kéré tán. Kò gbọ́dọ̀ lá oyin kó tó pé ọdún 1. Hóró ẹ̀pà àti kajú lódindi di ẹ̀yìn ọdún 5, kó má bàa há a lọ́fun.

Kí ẹ̀yin náà jẹ ohun tí ẹ ń fún un. Bàbá tó ń mu mínírà lé iyán lójoojúmọ́ kò lè sọ fún ọmọ pé omi ló dáa.

Tí ọmọ bá ń rù, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́. Ẹ gbé e lọ sí ibùdó ìlera. Wọn á fi téèpù aláwọ̀ wọn apá rẹ̀ lókè. Fún ọmọ oṣù 6 sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ojú pupa téèpù ló bọ́ sí, ìyẹn ni pé àìjẹunrekánú rẹ̀ ti le gan-an, kí ẹ má sì gbé e padà sílé láìgba ìtọ́jú.