Bẹ́ ẹ ṣe lè ya fótò ẹyẹ létí ọ̀sà Èkó àti nínú ọgbà ilé yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi kámẹ́rà sáré lé lékeléke kiri, ẹ dáwọ́ dúró ná. Ẹyẹ ò ní dúró dè yín, ẹ jẹ́ kí omi bá yín kó o wá.

Ẹ jẹ́ ká mú etí ọ̀sà apá Ìkòròdú. Ẹ wo áàpù tó ń sọ ìgbà tí òkun máa kún àti ìgbà tó máa fà, àmọ́ ẹnu òkun ló ń sọ o, ó máa ń pẹ́ kí omi yẹn tó dé inú ọ̀sà lọ́hùn-ún. Tómi bá fà, ẹrẹ̀ á yọ, gbogbo ẹyẹ á fọ́n ká lọ síbi tó jìn, wọ́n ń ṣa akàn kéékèèké jẹ, fótò yín á kàn rí tíntìntín. Ẹ ti lọ jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kún, torí bómi ṣe ń bo ẹrẹ̀ ló ń tì wọ́n bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ ṣáà lóṣòó kí lẹ́ǹsì bá ojú ẹyẹ dọ́gba, kí oòrùn àárọ̀ wà lẹ́yìn yín. Ẹ kí àwọn apẹja kẹ́ ẹ tó yọ kámẹ́rà, ẹ má sì kọjú ẹ̀ sí ibi tí sóójà bá wà, ẹ jọ̀ọ́.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ló dáa jù, òjò ti dá, àwọn ẹyẹ àlejò láti Yúróòpù náà ti dé, bíi whimbrel tẹ́nu ẹ̀ gùn tó tẹ̀ wálẹ̀, àti common sandpiper tó ń mi ìdí ṣáá bí ẹni ń jó. Ọyẹ́ nìkan ló ń bà á jẹ́, eruku á bo lẹ́ǹsì.

Lékeléke lórí ẹrẹ̀ dúdú, kámẹ́rà á rò pé ibẹ̀ ṣú, á wá tan ìmọ́lẹ̀ jù, ẹ ò ní rí ìyẹ́ kankan, funfun gbòò ni. Ẹ fa exposure, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ fótò, wá sí -1. Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ fọwọ́ kan ẹyẹ náà lójú fóònù kẹ́ ẹ wá fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀. Shutter, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí kó sì pa dé, 1/500 ìṣẹ́jú àáyá tó fún èyí tó dúró, èyí tó ń fò ń fẹ́ 1/2000. Gbogbo funfun kọ́ ni lékeléke ṣá o, èyí tẹ́nu àtẹsẹ̀ ẹ̀ dúdú tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ wá ní àwọ̀ yẹ́lò, little egret nìyẹn, inú omi ló ti ń pẹja, kì í sábà tẹ̀lé màlúù.

Nílé, àwo amọ̀ pẹlẹbẹ kan ti tó, omi díẹ̀, òkúta kan láàárín tí wọ́n á bà lé, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ lójoojúmọ́ torí ẹ̀fọn. Ẹ gbé e síbi tí ológbò ò ti lè sá pamọ́, kẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn kọ́tìnì. Àdàbà ló sábà ń kọ́kọ́ wá.

Ẹ ò nílò àwo omi kẹ́ ẹ tó lè ya ẹ̀gà. Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀pẹ nítòsí, ẹ dúró de akọ, á dorí kodò lábẹ́ ìtẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hun, á máa gbọn apá kí abo lè wá wò ó. Ẹ má gé imọ̀ ọ̀pẹ torí kẹ́ ẹ lè ríran dáadáa o! Ẹ di bọ́tìnnì mú kó máa yà á léraléra, tó bá dalẹ́ kẹ́ ẹ pa èyí tí ò dáa rẹ́.