Ìwé Àṣẹ Ilé-iṣẹ́ Piọ́ Wọ́tà: Èwo Ló Ń Ṣáájú, Èwo Ló Ń Tẹ̀ Lé E

Ìwé tí ìjọba ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ máa ṣe omi inú ọ̀rá tà ní Nàìjíríà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe pípọ̀ rẹ̀ ló ń jẹ owó èèyàn run. Àìtò ó lẹ́sẹẹsẹ ni. Ẹlòmíì á ti gbẹ́ kànga tán kó tó wo ibi tí sọ́kàwéè aládùúgbò wà. Ẹlòmíì á ti tẹ náílọ́ọ̀nù rẹpẹtẹ kí nọ́ńbà NAFDAC tó jáde.

Ilẹ̀ àti omi

Ẹ má tíì lọ sí ọ́fíìsì kankan. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ilẹ̀. Ó kéré tán, kí kànga ẹ̀rọ jìnnà sí sọ́kàwéè àti ṣáláńgá tó mítà 30. Kì í ṣe ti inú ọgbà yín nìkan o: ẹ wọ̀n ọ́n dé ti aládùúgbò lọ́tùn-ún, lósì àti lẹ́yìn ilé. Bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, apá òkè ni kí kànga wà. Ẹ sá fún ààtàn, ẹ sá fún ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ilé tí ìdílé ń gbé kò ṣeé pa pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ omi.

Tó bá jẹ́ pé ẹ háyà ni, ẹ jẹ́ kí onílé kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé òun mọ̀ pé omi lẹ fẹ́ máa ṣe níbẹ̀, kí ọdún tó wà nínú rẹ̀ sì gùn. Àdírẹ́sì yẹn ni ìwé NAFDAC máa dúró lé. Bí onílé bá lé yín jáde lọ́dún kejì, ibi tuntun tí ẹ bá kó lọ gbọ́dọ̀ tún gba àyẹ̀wò.

Ní Èkó, Lagos State Water Regulatory Commission ló ń rí sí ọ̀rọ̀ kànga tí wọ́n fẹ́ fi omi rẹ̀ ṣòwò. Níbòmíì, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó omi, kí ẹ sì ṣe é kí agbẹ́kànga tó gbé ẹ̀rọ dé.

Tí omi bá ti jáde, ẹ gbé e lọ sí làbù kí ẹ tó ra ẹ̀rọ kankan. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ máa ṣàn fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kí èyí tó ti dúró nínú páìpù lè jáde tán. Ìgò tí làbù bá fún yín ni kí ẹ gbà á sí. Ìgò tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ ni ti àyẹ̀wò kòkòrò. Ẹ kó yìnyín tì í, kó sì dé làbù láàárín wákàtí mẹ́fà. Nínú èsì, ẹ wò ó bóyá pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan sí) wà láàárín 6.5 sí 8.5, bóyá iron (irin tó yọ́ sínú omi) kò ju mílígíráàmù 0.3 lọ nínú lítà kan, bóyá nitrate kò ju 50 lọ. E. coli, kòkòrò tó ń ti inú ìgbẹ́ wá, kò gbọdọ̀ sí rárá nínú mílílítà 100.

Iron wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Omi á mọ́ lóló nígbà tó ń jáde, àmọ́ tó bá sùn nínú bókẹ́ẹ̀tì mọ́jú, á pọ́n, ìdọ̀tí pupa á sì silẹ̀ sísàlẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ ńlá: bí omi bá gba atẹ́gùn dáadáa, tó sì gba inú asẹ́ yanrìn kọjá, ó máa lọ. Nitrate ló yẹ kó bà yín lẹ́rù. Tó bá pọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé omi ṣáláńgá tàbí sọ́kàwéè ti ń yọ́ wọ inú kànga, asẹ́ yanrìn, asẹ́ èédú àti iná UV tó ń pa kòkòrò ò sì lè yọ ọ́. Ibòmíì ni kí ẹ lọ gbẹ́.

Orúkọ okòwò àti orúkọ ọjà

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí orúkọ ilé-iṣẹ́, ti ń forúkọ okòwò sílẹ̀. Orúkọ méjì lẹ máa mú lọ. Èyí tí wọ́n bá fọwọ́ sí, wọ́n á fi pamọ́ fún yín fún ọjọ́ 60. Business name tó fún ẹni tó ń dá ṣe é. Tí ẹ bá máa pa owó pọ̀ mọ́ ẹlòmíì, tàbí tí ẹ máa yá owó gidi ní báńkì, Limited ló dáa, torí gbèsè ilé-iṣẹ́ á yàtọ̀ sí gbèsè yín. Láti ìgbà òfin ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CAMA, ti 2020, ẹnì kan ṣoṣo lè dá Limited sílẹ̀. Orúkọ tó ní "National" tàbí "Federal" nínú kò ní kọjá láìgba ìyọ̀ǹda. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ẹ kọ ọ́ gbangba pé omi mímu lẹ máa ṣe. Ẹ má kọ "general merchandise" kí ẹ sì dákẹ́.

Orúkọ yín gbọ́dọ̀ bá ti NIN mu, orúkọ okòwò náà sì gbọ́dọ̀ rí bákan náà lórí gbogbo ìwé. "Ventures" lórí ìwé CAC, "Venture" lórí ìwé kejì: lẹ́tà kan yẹn tó láti dá fáìlì yín padà.

Orúkọ tí ẹ forúkọ sílẹ̀ ní CAC kò sọ orúkọ tó wà lára ọ̀rá di tiyín o. Trademark nìyẹn, ọ́fíìsì rẹ̀ wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò, NAFDAC sì máa béèrè rẹ̀. Nínú ìpín tí wọ́n pín ọjà sí fún trademark, kíláàsì 32 ni omi mímu wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá orúkọ náà wò ná, bóyá ẹnìkan ti gbà á. Orúkọ tó kàn ń yin ọjà, bíi "Best" tàbí "Pure", kì í rọrùn gbà, torí kò sẹ́ni tí wọ́n á fún ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó di tiẹ̀ nìkan. Lẹ́tà ìtẹ́wọ́gbà ló máa kọ́kọ́ jáde. Wọ́n á tẹ orúkọ náà sínú ìwé ìkéde, wọ́n á fún aráyé ní oṣù méjì láti takò ó, kí ìwé ẹ̀rí tó dé. Ọdún 7 ló kọ́kọ́ máa ń lò. Lẹ́yìn náà, ọdún 14 ni ìsọdọ̀tun kọ̀ọ̀kan.

Ní ti owó orí, láti oṣù kìíní 2026, NIN ni nọ́ńbà owó orí ẹni tó ń dá ṣòwò, nọ́ńbà CAC sì ni ti Limited. Owó orí oníbusiness name, ìpínlẹ̀ ló ń lọ. Ti Limited ń lọ sọ́dọ̀ Nigeria Revenue Service, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀ tó rọ́pò FIRS. Bí òfin bá tilẹ̀ yọ ilé-iṣẹ́ kékeré kúrò nínú sísan, kò yọ ọ́ kúrò nínú kíkọ ìròyìn owó rẹ̀ ránṣẹ́.

NAFDAC

Orí ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì NAFDAC tí wọ́n ń pè ní NAPAMS ni ìbéèrè yín máa gbà wọlé. Ẹ ti kó nǹkan wọ̀nyí jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ìwé CAC, ìwé trademark, èsì àyẹ̀wò omi, ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti fín oògùn kòkòrò sí ilé náà, ìwé ìlera gbogbo òṣìṣẹ́ tó máa fọwọ́ kan iṣẹ́, ìwé ẹ̀rí ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ ṣíṣe àti ẹni tó ń yẹ omi wò, àti àwòrán ohun tí ẹ fẹ́ tẹ̀ sára ọ̀rá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá wo ilé. Yàrá tí omi ti ń gba asẹ́, yàrá tí ẹ̀rọ ti ń di í, ibi tí ẹ̀ ń kó náílọ́ọ̀nù sí, ibi tí ẹ̀ ń kó omi tó ti parí sí, ibi ìpààrọ̀ aṣọ àti làbù kékeré: ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n wà. Táìsì ni kó wà nílẹ̀ àti lára ògiri. Nẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà lójú fèrèsé, omi ìfọwọ́ àti ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjú sí yàrá iṣẹ́. Orí páláẹ̀tì (pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé) ni kí àpò omi wà, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Tí ilé bá yege, wọ́n á gba omi tí ẹ ṣe lọ sí làbù tiwọn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi kànga. Omi á ti kọjá lára iná UV tán, wọ́n á wá tún dà á sínú táǹkì kan kó tó dé ẹ̀rọ tó ń di í. Kòkòrò á tún ti ibẹ̀ wọlé. Iná UV ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn, kó kù díẹ̀ kí omi dé ẹ̀rọ. Gílóòbù rẹ̀ náà ní ọjọ́ ikú: tó bá ti tàn tó nǹkan bíi wákàtí 9,000, ìyẹn bí ọdún kan tọ̀sán-tòru, á ṣì máa tàn búlúù, àmọ́ agbára tó fi ń pa kòkòrò ti lọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbé e sí i sára rẹ̀.

Ọdún márùn-ún ni nọ́ńbà NAFDAC ń lò. Ẹ̀yìn ìgbà tó bá jáde ni kí ẹ lọ tẹ náílọ́ọ̀nù. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ ni orúkọ ọjà, ìwọ̀n omi, orúkọ ilé-iṣẹ́, àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ gangan (àpótí ìfìwéránṣẹ́ kọ́), nọ́ńbà NAFDAC, nọ́ńbà batch (tó ń fi èyí tí wọ́n ṣe pa pọ̀ hàn), ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá. Ajẹ́ńtì tó bá ní òun máa bá yín gba nọ́ńbà láìsí pé ẹnikẹ́ni wá wo ilé, nọ́ńbà ẹlòmíì ló fẹ́ tà fún yín.

Káńsù àti àwọn tó ń dá mọ́tò dúró

Òfin kan wà láti 1998 tó to owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà. Owó ṣọ́ọ̀bù wà lábẹ́ káńsù. Ní Èkó, LASAA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí pátákó ìpolówó, ló ń gba ti pátákó. Ẹnikẹ́ni tó bá wá, ẹ ní kó mú ìwé ìbéèrè owó wá, kí orúkọ àti àdírẹ́sì yín wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì san án sí báńkì. Ẹ má kó owó sí àwọn tí kò ní rìsíìtì lọ́wọ́. Ẹ fi ẹ̀dà rìsíìtì kọ̀ọ̀kan sínú mọ́tò tó ń pín omi, nítorí ojú títì ni wọ́n ti ń béèrè sítíkà jù.

Lọ́dọọdún, ó ti di dandan kí ẹ fi ìròyìn ránṣẹ́ sí CAC. Fún business name, kó má kọjá 30 oṣù kẹfà, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tó tẹ̀ lé ti ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe é, wọ́n á kọ "inactive" (pé kò ṣiṣẹ́ mọ́) sí iwájú orúkọ rẹ̀, báńkì sì máa rí i. Ẹ tún máa fín oògùn, kí ẹ sì tún ìlera àwọn òṣìṣẹ́ yẹ̀ wò. Bí ẹ bá sì wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ omi inú ike, nọ́ńbà ti inú ọ̀rá kò bò ó. Ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni.