Kí Ẹ Tó Tún Pè Mí: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Tó Ń Kọ́ Àròkọ àti Ìwé Ìwádìí Gẹ̀ẹ́sì Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Sábó, ní Ìkòròdú níbí: tábìlì mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ kan, àti àwọn ọmọléèwé tó ń fi kọ̀ǹpútà ka ìwé yunifásítì. Ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń gbé wá lójoojúmọ́. Ẹnu ti bó mi. Ẹ wá kà á.

Àǹtí, fídíò ẹ̀kọ́ mi kò ṣí, ó kàn ń yí bírí.

Ṣé dátà ṣì wà lórí fóònù rẹ? Wò ó kí o tó bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tó bá wà, fa fídíò náà wálẹ̀ sí 360. Tí kò bá tún lọ, ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Olùkọ́ ní fáìlì mi kò ṣí.

Fọ́tò ìwé lo fi ránṣẹ́. Tẹ̀ ẹ́, fi pamọ́ ní .docx, kí o sì ṣí i wò fúnra rẹ.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó bá mi wí rí. Lọ́sẹ̀ yìí wọ́n ní mo ti pẹ́.

Oṣù Kẹta la wà, àbí? Tí iléèwé rẹ bá wà ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ní kí iṣẹ́ dé kó tó kọjá 11:59 alẹ́, 5:59 ìdájí ọjọ́ kejì ni tiwa nígbà òtútù wọn. Ní Sunday kejì Oṣù Kẹta, wọ́n á sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan. Tiwa kì í sún. Ó di 4:59 nìyẹn, títí di Sunday àkọ́kọ́ nínú Oṣù Kọkànlá. Kí ló tilẹ̀ ń mú ọ dúró títí àkùkọ á fi kọ?

Ẹ̀rọ tó ń yẹ gírámà wò ní kò sí àṣìṣe, síbẹ̀ olùkọ́ fi pupa kun gbogbo iṣẹ́ mi.

Yorùbá lo kọ, o kàn wọ̀ ọ́ láṣọ Gẹ̀ẹ́sì. Lédè wa, èèyàn lè ní: ó dìde, ó gbé agbọ̀n, ó gba ọjà lọ. Kọ́mà gbé e láìrojú. Gẹ̀ẹ́sì kì í fi kọ́mà nìkan so odidi gbólóhùn méjì pọ̀. Fi àmì ìdánudúró sí i, tàbí kí o wá ‘and’ tàbí ‘but’ tì í. ‘Ó’ tiwa kò sì mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Mo ti ka iṣẹ́ ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ‘she’ ní ìpínrọ̀ kìíní, tó di ‘he’ ní ìkejì, tó tún wá padà di obìnrin kí iṣẹ́ tó parí. Ka iṣẹ́ rẹ sókè. Etí máa ń gbọ́ ohun tí ojú fò.

Gbogbo àpilẹ̀kọ tí mo bá rí ló ń béèrè dọ́là.

Má san kọ́bọ̀. Lórí Google Scholar, wo apá ọ̀tún bóyá wọ́n kọ PDF síbẹ̀; tí kò bá sí, tẹ ‘All versions’ tó wà lábẹ́ rẹ̀. JSTOR, ibi ìkówèésí kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń jẹ́ kí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ka 100 àpilẹ̀kọ lóṣù. Tí gbogbo ẹ̀ bá kọ̀, kọ lẹ́tà sí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń dùn pé ẹnì kan tilẹ̀ fẹ́ kà á.

ChatGPT fún mi ní ìwé mẹ́fà. Olùkọ́ ní kò sí ìkankan nínú wọn láyé.

Olùkọ́ ò parọ́. Ẹ̀rọ yẹn lè hun orúkọ, ọdún àti àkọlé pọ̀ títí á fi dà bí òótọ́. Gbé nọ́ńbà DOI rẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àpilẹ̀kọ mọ̀, lọ sí doi.org. Ìwé tí o kò bá rí kà, má tọ́ka sí i.

APA ni àbí MLA?

Ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà tọ́ka sí ìwé ni wọ́n. Èyí tí wọ́n fẹ́ wà nínú ìwé iṣẹ́ tí wọ́n fún ọ, o ò kà á ni. APA, ẹ̀dà keje ti 2019, ń fẹ́ orúkọ àti ọdún. MLA, ẹ̀dà kẹsàn-án ti 2021, ń fẹ́ orúkọ àti ojú ìwé. Zotero, ètò kọ̀ǹpútà tó ń to ìtọ́kasí, á tò ó fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, á sì gbé àṣìṣe rẹ náà síbẹ̀.

Turnitin, ẹ̀rọ tí iléèwé fi ń wá ọ̀rọ̀ tó jọra, ní 9% péré ni iṣẹ́ mi fi jọ ti ẹlòmíì, olùkọ́ sì ní mo jí i kọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ ni mo yí padà!

Fa àga súnmọ́ bí. Èyí ló fẹ́ lé èmi náà kúrò nílé ẹ̀kọ́.

Nígbà tí mò ń kàwé tèmi, mo ní kí n kọ̀wé lórí ewé tó ń bo ojú ọ̀sà wa, èyí tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò rí mọ̀ ọ́n: ewé tútù minimini, òdòdó àlùkò, á wé mọ́ ẹ́ńjìnnì. Mo rí àpilẹ̀kọ gidi kan. Mo gbé ìwé atúmọ̀ èdè sápá òsì, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ‘rapidly’, mo kọ ‘speedily’. Ó kọ ‘obstructs’, mo kọ ‘blocks’. Mo fi orúkọ rẹ̀ àti ọdún sí ìdí ìpínrọ̀, ọkàn mi balẹ̀. Ẹ̀rọ ní kò sí wàhálà. Olùkọ́ fún mi ní òdo, ó ní egungun gbólóhùn wọ̀nyẹn kì í ṣe tèmi.

Mo kọ lẹ́tà ẹ̀hónú. Mo tún iṣẹ́ ṣe, mo gbé ìdí gbólóhùn síwájú, mo gbé iwájú sẹ́yìn. Òdo. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé Turnitin kì í mú olè, ọ̀rọ̀ tó bára mu ló ń kà. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ ẹlòmíì fi lè gbé 40% kó sì mọ́, tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ inú àmì àyọlò àti àkójọ ìwé ló kà mọ́ ọn.

Ìyá mi ló tú mi sílẹ̀. Ẹja ni wọ́n ń tà ní Ebúté, wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ń ha ìpẹ́ ẹja, wọ́n ní kí ló ń pa mí lẹ́kún. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó fún wọn: pé ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí ewé náà lórí omi wa, pé ọ̀nà Badagry ló gbà wọlé, pé iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Wọ́n dá ọ̀bẹ dúró.

“Àṣé ìyẹn ló ṣe máa ń pòórá nígbà ọyẹ́, tí omi òkun bá ti wọlé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmi.”

“Kí ló wá dé tí wọn ò lọ ṣá ìyókù níbi tí iyọ̀ kì í dé, kí òjò tó tún gbé e wá?”

Mi ò rí ìbéèrè yẹn nínú àpilẹ̀kọ kankan tí mo kà. Mo kọ ìdáhùn rẹ̀ sí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ bí ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀: ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ká kọlu ewé náà, lókè odò. Àwọn òǹkọ̀wé tí mò ń tọ̀ lẹ́yìn tẹ́lẹ̀ wá di ẹlẹ́rìí tí mò ń pè.

Nítorí náà, ka ìpínrọ̀ náà, pa á dé, rò ó ní Yorùbá fún ẹni tí kò kà á, kí o wá kọ Gẹ̀ẹ́sì láti inú ohun tí o rò. Ìgbà yẹn ni kí o tó ṣí i padà láti yẹ iye àti orúkọ wò. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ṣe é yí, fi àmì àyọlò sí i. Orúkọ onítọ̀hún kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ o, èrò ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Àǹtí, ó ti sú mi. Bọ̀dá kan ní Ògólóńtò ní òun á gbowó bá mi kọ ọ́.

Mo mọ irú wọn. Mo ti rí iṣẹ́ kan náà lórí tábìlì mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, orúkọ nìkan ló yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ iléèwé ló ní àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ìwé kíkọ, lórí fídíò, inú owó tí o ti san ló wà. Má bi wọ́n pé ṣé ó dára. Fi ìka lé ìpínrọ̀ kan, ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán New York, aago mẹ́jọ alẹ́ wa ni nígbà ooru wọn, mẹ́sàn-án nígbà òtútù. Mẹ́wàá ni mo máa ń tilẹ̀kùn. Gbé epo jẹnẹrétọ̀ dání.