Àṣìṣe Tí A Máa Ń Ṣe Tí Káńsù Ìlú Ọba Bá Béèrè Orúkọ àti Àdírẹ́sì Wa

Bí lẹ́tà káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, bá ti balẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní Peckham tàbí Woolwich ní London, ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ máa ń wí ni pé, "Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi orúkọ mi ṣe?" Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ a kì í dúró gbọ́ ìdáhùn. Lẹ́tà ti wà lórí mítà iná.

Lẹ́tà àwọn olùdìbò la máa ń ṣe báyìí jù. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kọkànlá lọ́dọọdún, káńsù máa ń kọ̀wé sí ojúlé kọ̀ọ̀kan láti mọ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Nínú ilé tí èèyàn mẹ́rin ti gba yàrá kọ̀ọ̀kan, orúkọ tẹ́ńáǹtì tó ti kó lọ ló lè wà lórí ìwé náà, kóńkó-jabele, olúkúlùkù á ní kì í ṣe tòun. Bó bá jẹ́ èyí tó ní kí ẹ dáhùn dandan, tí ẹ ò dáhùn, ìtanràn rẹ̀ lè tó £1,000.

Àwọn kan tún ní ọmọ Nàìjíríà ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò níbí. Irọ́ ni. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ń gbé ibí, tí físà rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, lè forúkọ sílẹ̀, kó sì dìbò, títí kan ìbò ilé aṣòfin ní Westminster. Ẹni tó sá fún un lè máa ráhùn lọ́la pé báǹkì ò yá òun lówó, torí ìwé olùdìbò, ìyẹn ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn olùdìbò sí, wà lára ohun tí àwọn ayánilówó ń yẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá ibi tí ẹ ní ẹ ń gbé lẹ ń gbé lóòótọ́.

Ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún gan-an la sì máa ń fò kọjá. Ìwé olùdìbò méjì ló wà: èyí tó pé pérépéré, tí òfin dín àwọn tó lè lò ó kù, àti èyí tí ẹnikẹ́ni lè fowó rà. Nígbà tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀, wọ́n á bi yín bóyá ẹ fẹ́ wà nínú ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ní ẹ ò fẹ́. Ìbò yín ò ní torí ìyẹn bà jẹ́.

Àwọn mìíràn á kọ̀wé sí káńsù pé, "Mi ò fọwọ́ sí i, ẹ pa orúkọ mi rẹ́." Òǹtẹ̀ lẹ́tà ni wọ́n fi ṣòfò. Káńsù táàsì (owó orí ilé tí à ń san fún káńsù), ààyè ilé-ìwé, ààbò ọmọdé: òfin ló gbé iṣẹ́ wọ̀nyí lé káńsù lọ́wọ́, kì í sábà nílò àṣẹ yín kó tó lo orúkọ yín fún un. Ohun tí ẹ lè béèrè ni pé kí wọ́n tún àṣìṣe ṣe, kí wọ́n sì fún yín ní ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ nípa yín. Ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan sì ni wọ́n sábà ní láti dáhùn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ lo agbára yín sí, pàápàá tí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé bá dìjà: ohun tí òṣìṣẹ́ kọ lọ́jọ́ tó wá yẹ ilé wò lè wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹ̀dínwó ẹni tó ń dá gbé, ìyẹn 25% nínú káńsù táàsì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n á dé láti Ìbàdàn, á ti lé lọ́mọ ogún ọdún, wọ́n á ní kò tíì fìdí kalẹ̀, wọn ò ní sọ fún káńsù. Bẹ́ẹ̀, káńsù máa ń fi orúkọ àwọn tó ń gba ẹ̀dínwó wé ìwé olùdìbò, ètò ìjọba tí wọ́n ń pè ní National Fraud Initiative sì wà fún irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gba owó tó ti kọjá padà, wọ́n sì lè bu ìtanràn £70 lé e. Èyí tó ń dùn mí ni pé bí ọmọ náà bá ń lọ sí yunifásítì ní kíkún, wọn ò kà á mọ́ àgbàlagbà inú ilé rárá. Ìwé ẹ̀rí láti ilé-ìwé rẹ̀ ti tó, ẹ̀dínwó á dúró síbẹ̀.

Ẹ má sì fi àdírẹ́sì àǹtí wá ààyè ilé-ìwé fọ́mọ. Wọ́n lè yẹ ìwé káńsù táàsì wò, kí wọ́n sì gba ààyè náà padà.

Tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé sórí fóònù pé káńsù fẹ́ dá owó táàsì padà, kí ẹ tẹ nọ́ńbà káàdì báǹkì yín síbí, ẹ má tẹ ohunkóhun. Ẹ wá bíìlì káńsù táàsì tó wà nílé, kí ẹ pe nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀.